Sátidé mẹ́jọ lórí òfin àti ìwà ọmọlúàbí fún àwọn mánẹ́jà: ṣé ó tó owó tí mo san?

₦185,000 ni mo san fún ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí, àpò ara mi ni mo sì ti yọ ọ́. Nígbà tí mo ní kí ilé ìtajà tí mo ń bójú tó bá mi san án, ọ̀gá mi fèsì pé òun ti ní lọ́yà, kí wá ni mánẹ́jà fẹ́ fi ìmọ̀ òfin ṣe. N kò mọ èsì tí mo lè fún un lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo mọ̀ kò ju pé láàárín ọdún kan, ìwé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti wá sí ọ́fíìsì mi láti ọ̀dọ̀ àwọn àjọ ìjọba, orúkọ mi ló sì wà lórí gbogbo wọn, kì í ṣe orúkọ lọ́yà, kì í sì í ṣe ti ọ̀gá mi.

Súpámákẹ́ẹ̀tì kan tó ní ilé búrẹ́dì lẹ́yìn ni mò ń bójú tó ní Ìbàdàn, òṣìṣẹ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló sì wà níbẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni ẹ̀kọ́ náà ń wáyé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán, ní gbọ̀ngàn kan ní Bódìjà. N kò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà, nítorí pé díẹ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ kò ní dùn mọ́ wọn nínú, n kò sì fẹ́ ba ọjà ẹnikẹ́ni jẹ́. Ṣùgbọ́n irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ ní Ìbàdàn àti ní Èkó báyìí, ẹni tó bá sì ń gbèrò láti sanwó fún ọ̀kan nínú wọn yóò rí ohun tó yẹ kó béèrè nínú ọ̀rọ̀ mi.

Àwa méjìdínlógún la bẹ̀rẹ̀, àwa mẹ́rìnlá la parí. Alàgbà kan tó ń bójú tó ilé epo wà láàárín wa, bẹ́ẹ̀ náà ni obìnrin kan tó ń darí ilé ìwòsàn aládàáni, ọ̀dọ́mọkùnrin méjì láti iléeṣẹ́ akẹ́rù, àti ìyá kan tó ń ṣe omi inú ọ̀rá. Olùkọ́ mẹ́ta ló kọ́ wa: màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ àbójútó òṣìṣẹ́ gba ọ̀sẹ̀ kan, agbẹjọ́rò kan gba ọ̀sẹ̀ márùn-ún, olùkọ́ yunifásítì kan sì gba ọ̀sẹ̀ méjì tó kù fún ọ̀rọ̀ ìwà. Mo sọ bí wọ́n ṣe pín in nítorí pé inú ìpín yẹn gan-an ni agbára ẹ̀kọ́ náà wà, inú rẹ̀ náà sì ni àléébù rẹ̀ wà.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, èyí tí màmá náà kọ́ wa, ló ká mi lára jù. Kò tíì jókòó dáadáa tó fi béèrè pé, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ló ń yọ owó nínú owó oṣù òṣìṣẹ́ tí nǹkan bá bàjẹ́ tàbí tí owó bá dín?” Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí kò na ọwọ́ sókè. Ó wá ṣí Òfin Iṣẹ́ sí abala 5, ó sì kà á fún wa. Agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ yọ owó kankan nínú owó iṣẹ́ òṣìṣẹ́, àyàfi èyí tí òfin fúnra rẹ̀ gbà láyè. Bí òṣìṣẹ́ bá tilẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ fa àdánù, tàbí tí àìbìkítà rẹ̀ ló fà á, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ tí a kọ sílẹ̀ lọ́wọ́ aláṣẹ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, kó tó lè yọ ìwọ̀nba owó tó bá ọ̀rọ̀ náà mu. Ọwọ́ tí a nà sókè lọ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní ilé ìtajà wa, bí owó inú dúrọ́ọ̀ káṣíà bá dín sí iye tí ẹ̀rọ kọ, a ó yọ ọ́ nínú owó oṣù rẹ̀. Bí mo ṣe bá a nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà sì ni gbogbo ilé ìtajà tí mo mọ̀ ṣe ń ṣe é. Ọmọbìnrin kan wà tí owó oṣù rẹ̀ nígbà náà jẹ́ ₦40,000; ní oṣù kan ṣoṣo, mo yọ ₦18,000 nínú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ ní ọ́fíìsì mi, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ dákun, mi ò mú kọ́bọ̀ níbẹ̀.” Mo dá a lóhùn pé òfin iléeṣẹ́ ni, mo sì rò pé mo ti sọ̀rọ̀ tó lágbára. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì la rí i pé ẹ̀rọ náà ló ń ka irú wàrà kan lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ náà ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà yẹn, nọ́ńbà rẹ̀ kò sì lọ mọ́. Nígbà tí màmá náà ka abala yẹn tán, ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé àṣẹ tí òfin ní ká kọ́kọ́ lọ gbà yẹn, bí kò tilẹ̀ ṣe nǹkan mìíràn, ì bá ti fún wa láàyè láti yẹ ẹ̀rọ wò. Ẹni tó kọ òfin náà ti mọ̀ pé inú mánẹ́jà máa ń yára bí tí owó bá dín.

Màmá náà to àwọn yòókù lé e kíákíá: pé òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ rí ìwé tó sọ àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ gbà kó tó pé oṣù mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́, pé ẹni tó bá ti lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ẹ̀tọ́ sí ìfitónilétí oṣù kan kí wọ́n tó dá a dúró, pé ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ máa san owó ìfẹ̀yìntì, kí agbanisíṣẹ́ mú ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún wá, kí òṣìṣẹ́ mú ìdá 8 wá, pé ₦70,000 ni owó oṣù tó kéré jù láti Oṣù Keje 2024, àti pé ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni òfin yẹn yọ sílẹ̀. Tiwa jẹ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n, nítorí náà kò sí ibi tí a fẹ́ fara pamọ́ sí. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé ni Òfin Iṣẹ́ wà fún; kò ka àwa mánẹ́jà kún òṣìṣẹ́ rárá. Ìwé àdéhùn tí wọ́n fi gba mánẹ́jà síṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ dì mú. Tèmi kò ju ojú ìwé kan ṣoṣo, orúkọ iléeṣẹ́ àti àdírẹ́sì ló sì gba ìdajì rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ọjọ́ wo ló tó gbogbo owó tí mo san, ọ̀sẹ̀ kẹta ni màá sọ. Agbẹjọ́rò náà wọlé, kò kí wa, ó kọ 84 sórí pátákó, ó sì yíjú sí wa. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó jẹ́. Iye àwọn ọmọ ọwọ́ tí a kà pé ó kú lẹ́yìn tí wọ́n mu oògùn kan tí wọ́n ń pè ní My Pikin ni, láti ìparí ọdún 2008 wọ 2009. Oògùn olómi tí àwọn ìyá máa ń fún ọmọ tó ń hu eyín ni. Ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ ni kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní propylene glycol, tí kò léwu nínú oògùn. Èyí tó wà níbẹ̀ ni diethylene glycol, májèlé tí àwọn iléeṣẹ́ ń lò fún iṣẹ́ mìíràn, tó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Àwọn méjèèjì jọra lójú. Ọwọ́ ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ ni wọ́n ti ra kẹ́míkà náà ní Èkó, kò sì sẹ́ni tó dán an wò bó ṣe yẹ kó tó wọ inú ìgò.

Ní Oṣù Karùn-ún 2013, Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó dájọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà. Adájọ́ ní kí wọ́n tú iléeṣẹ́ náà ká, kí dúkìá rẹ̀ sì di ti ìjọba. Ó sì rán òṣìṣẹ́ méjì lọ sẹ́wọ̀n ọdún méje: ọ̀kan nínú wọn ló ń bójú tó bí wọ́n ṣe ń ṣe oògùn, èkejì ló ń rí sí i pé ohun tí wọ́n ṣe dára. Owó oṣù ni wọ́n ń gbà, bíi tèmi. Agbẹjọ́rò náà dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, “Ẹ̀yin ọ̀gá, lọ́jọ́ tí wọ́n gbé kẹ́míkà yẹn wọlé, níbo ni lọ́yà iléeṣẹ́ wà?” Èsì tí n kò rí fún ọ̀gá mi nìyẹn. Lọ́yà kì í sí nílé búrẹ́dì ní aago mẹ́rin ìdájí, kì í sí níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù, kì í sì í sí nídìí káńtà nígbà tí oníbàárà bá ń pariwo. Ìgbà tí nǹkan bá ti bàjẹ́ tán la máa ń ránṣẹ́ pè é. Mánẹ́jà ló wà níbẹ̀ nígbà tó ṣì ṣeé dá dúró, ọwọ́ mánẹ́jà sì ni òfin yóò kọ́kọ́ nà sí.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo lọ sí ẹ̀yìn, mo ní kí ọ̀gá búrẹ́dì kó gbogbo ohun tó ń dà sínú ìyẹ̀fun jáde kí n rí i. Gbogbo aṣebúrẹ́dì ló mọ̀ pé NAFDAC ti fòfin de potassium bromate, kẹ́míkà tí wọ́n máa ń fi mú búrẹ́dì wú, tipẹ́, síbẹ̀ nǹkan ẹlẹ́bú méjì wà nínú ọ̀rá tí kò ní àkọlé kankan lára. Mo bi í pé kí ni wọ́n. Ó ní, “Àǹtí, ibi tí a ti ń rà á látijọ́ náà la ti rà á.” Ó lè má jẹ́ bromate, ó lè jẹ́ ohun tí kò ní láburú nínú. Ṣùgbọ́n èmi ni mo fọwọ́ sí owó tí wọ́n fi rà á, n kò sì lè sọ orúkọ rẹ̀. A dà á nù, a sì fi ìyẹn pàdánù nǹkan bí ₦60,000. Ọ̀gá mi bínú fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ̀kọ́ lórí ẹ̀tọ́ oníbàárà náà dára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbẹjọ́rò náà sáré jù níbẹ̀. Òfin tó dá FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, sílẹ̀, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní Oṣù Kìíní 2019, sọ ní abala 115 pé ọjà tí a bá pàtẹ gbọ́dọ̀ ní iye lára, àti pé oníbàárà kò gbọdọ̀ san ju iye tó rí lórí pẹpẹ lọ. Ní Oṣù Kejì 2024, àjọ náà ti ilé ìtajà ńlá kan pa ní Garki, Abuja, lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an: iye tó wà lórí pẹpẹ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń gbà nídìí káńtà. Nígbà tí ìròyìn náà jáde, mo wà lára àwọn tó ní olè ni wọ́n. Lẹ́yìn kíláàsì yẹn ni mo mú ìwé àti báírò, mo rìn yí ilé ìtajà wa ká, mo kọ iye tó wà lórí pẹpẹ fún ọgọ́ta ọjà, mo sì ní kí káṣíà kan fi ẹ̀rọ ka gbogbo wọn. Mọ́kànlá kò bára mu. Mẹ́sàn-án nínú mọ́kànlá náà ló wọ́n jù nídìí káńtà.

Kò sẹ́ni tó jókòó pé kí a rẹ́ ènìyàn jẹ nílé ìtajà wa. Ohun tó fà á ni pé ọjà ń wọ́n sí i lójoojúmọ́, ọ̀gá mi a sì yí iye rẹ̀ padà lórí kọ̀ǹpútà láti ilé, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń lẹ iye mọ́ pẹpẹ kò ní gbọ́ títí di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta. Oníbàárà tó san ₦300 lé iye tó rí kò ní ohun tó fẹ́ fi àlàyé yìí ṣe. Láti ọjọ́ náà la ti fi òfin sílẹ̀ láàárín ara wa pé iye kò ní yí lórí ẹ̀rọ àfi lẹ́yìn tí ti pẹpẹ bá ti yí, bó bá sì ṣẹlẹ̀ pé méjèèjì kò dọ́gba, èyí tó kéré jù ni oníbàárà yóò san. Ó ń ná wa lówó díẹ̀. Ariwo ìdí káńtà sì ti dín kù gan-an.

Ìtàn MTN náà wọlé dáadáa. Ní Oṣù Kẹwàá 2015, NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù, bu owó ìtanràn ₦1.04 tírílíọ̀nù lé iléeṣẹ́ náà lórí, nítorí pé wọn kò gé àwọn láìnì tí ìforúkọsílẹ̀ wọn kò pé kí gbèdéke tó pé. Láìnì náà jẹ́ mílíọ̀nù 5.2, ₦200,000 sì ni owó ìtanràn lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ẹnikẹ́ni ṣe ìsọdipúpọ̀ rẹ̀ wò. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá àgbà pátápátá iléeṣẹ́ náà fipò sílẹ̀, ní Oṣù Kẹfà 2016 wọ́n sì fẹnu kò sí ₦330 bílíọ̀nù. Ìyá olómi inú ọ̀rá tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń fi ìka ṣe ìṣirò lórí tábìlì, ó wá ní, “Ah, ọmọ mi, àpò omi tí mò ń tà lójúmọ́ ju ẹgbẹ̀rún lọ o.” Kò sí àlàyé tí agbẹjọ́rò lè ṣe tó ju ìyẹn lọ.

Níbi tí ẹ̀kọ́ náà ti wọ́ ni ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n lò lórí CAMA, òfin iléeṣẹ́ ti ọdún 2020. Àwọn tó fẹ́ dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ ló yẹ fún, kì í ṣe àwa tí a ti gbà síṣẹ́. Wákàtí méjì la fi gbọ́ bí ènìyàn kan ṣoṣo ṣe lè dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ báyìí. Ohun kan péré ni mo mú jáde: nígbà tí òfin náà bá ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn aláṣẹ iléeṣẹ́, ó ka mánẹ́jà mọ́ wọn pẹ̀lú dáírẹ́kítọ̀ àti akọ̀wé iléeṣẹ́. Ó yẹ kí èyí jẹ́ gbólóhùn àkọ́kọ́ lọ́jọ́ kìíní. Ìparí ọ̀sẹ̀ karùn-ún la tó gbọ́ ọ, nígbà tí ebi ti ń pa wá. Òfin ààbò ìsọfúnni ẹni ti ọdún 2023 gba ìdajì wákàtí, ó sì tó: ìwé tí a kọ orúkọ àti nọ́ńbà àwọn oníbàárà sí, tó máa ń wà ní ṣíṣí lórí káńtà wa kí ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá lè kà á, ti wà nínú dúrọ́ọ̀ báyìí.

Ọ̀rọ̀ ìwà ni mo ń retí jù, òun ló sì já mi kulẹ̀ jù. Olùkọ́ yunifásítì náà mọ̀wé, kò sí àní-àní, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló fi sọ ohun tí àwọn ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gíríìkì àti ilẹ̀ Jámánì wí, tó ń ka á láti ara ògiri tí wọ́n tan iná ẹ̀rọ sí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, alàgbà ilé epo na ọwọ́ sókè. Ó ní, “Sà, bí ọ̀gá mi bá ní kí n tún ẹ̀rọ ṣe kí lítà má pé lítà mọ́, tí mo sì ní ọmọ mẹ́rin nílé ìwé, kí ni kí n ṣe?” Gbọ̀ngàn náà pa rọ́rọ́, nítorí pé ìbéèrè tó gbé gbogbo wa wá nìyẹn, lọ́nà kan tàbí òmíràn. Olùkọ́ náà ní kí ó tẹ̀ lé ẹ̀rí ọkàn rẹ̀, ó sì lọ sí ojú ìwé tó kàn.

Ọpẹ́lọpẹ́ màmá ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tó yà wá wò lọ́jọ́ náà, tó sì dá alàgbà náà lóhùn nígbà tí a jáde lọ jẹun. Ó ní kí ó kọ́kọ́ sọ fún ọ̀gá rẹ̀, ní ọ̀rọ̀ ìwọ̀n àti ti owó, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá mú wọn. Pé kí ó ní kí ọ̀gá náà kọ àṣẹ náà sílẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ àṣẹ burúkú ni kì í lè dúró lórí ìwé. Pé kí ó pa ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ sílé bí ọ̀gá bá kọ ọ́. Àti pé kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó tó lè bọ́ ilé rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta láti òní lọ, nítorí pé ẹni tí kò ní oúnjẹ ọ̀la nílé kò lè sọ pé rárá. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn, tí kò sí nínú owó tí a san, ló dára jù nínú ọ̀sẹ̀ méjèèjì.

Kò sì yẹ kí a ti máa lọ sí ilẹ̀ Gíríìkì kí a tó rí àpẹẹrẹ. Ìtàn Cadbury Nàìjíríà wà nílẹ̀, níbi tí ìgbìmọ̀ iléeṣẹ́ náà ti yọ ọ̀gá àgbà àti ọ̀gá ètò ìnáwó nípò ní Oṣù Kejìlá 2006, lẹ́yìn tí wọ́n rí i pé ìṣirò owó tí wọ́n ń gbé jáde fún ọdún mélòó kan ti ju òótọ́ lọ. Mánẹ́jà tí wọ́n ti sọ iye tó gbọ́dọ̀ tà fún kí oṣù tó parí, tó ku ọjọ́ méjì, tí ọjà kò sì tà, ó mọ bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe ń bẹ̀rẹ̀: ọjà tí yóò tà lọ́la ni ènìyàn á kọ́kọ́ kọ mọ́ ti òní. Ọjà Bódìjà tí kò jìnnà sí gbọ̀ngàn wa pàápàá ì bá ti tó kọ́ wa. Ẹni tó fi ìdí kóńgò wọnú kí ìrẹsì má bàa kún un ti ṣẹ̀ sí òfin ìwọ̀n, adájọ́ lè bá a wí. Ṣùgbọ́n kò sí òfin kankan tó ní kí ìyá aláta bu ènì lé e fún wa, síbẹ̀ ẹni tí kì í fún ènìyàn ní ènì, gbogbo ọjà ló mọ̀ ọ́n. Láàárín kóńgò àti ènì yẹn ni iṣẹ́ mánẹ́jà wà láti àárọ̀ di alẹ́: ohun tí òfin lè mú ọ fún, àti ohun tí òfin kò lè mú ọ fún tí ojú yóò sì tì ọ́ bí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ bá gbọ́. N kò yọ owó kankan lọ́wọ́ káṣíà mọ́, òfin ló mú mi ṣe ìyẹn. Ọmọ tí mo yọ ₦18,000 lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo ṣì ń wá, kò sì sẹ́ni tó rán mi.

Ní ti ìtọ́jú, gbọ̀ngàn náà mọ́, afẹ́fẹ́ wà, jẹnẹrétọ̀ kò já wa kulẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìrẹsì tí wọ́n ń fún wa ní ọ̀sán kò burú. Ìwé tí wọ́n pín fún wa ni kò ran ènìyàn lọ́wọ́: òfin ni wọ́n dà kọ ní odindi pẹ̀lú èdè Gẹ̀ẹ́sì àwọn adájọ́, nígbà tó jẹ́ pé nínú kíláàsì, Yorùbá ni agbẹjọ́rò náà fi ń ṣàlàyé rẹ̀ tí gbogbo wa fi ń lóye. Bí wọ́n bá kọ àlàyé yẹn sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, n óò rà á lọ́tọ̀. Ẹni tó bá ní òṣìṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, tàbí tó ń fọwọ́ sí ọjà tí ènìyàn ń jẹ tàbí tó ń mu, kó lọ. Ẹni tó bá jẹ́ pé ìwé ẹ̀rí lásán ló ń wá, owó náà ti pọ̀ jù. Kí ó sì kọ́kọ́ béèrè ẹni tó máa kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ ìwà, bóyá ẹni náà ti bójú tó òṣìṣẹ́ rí.

Ó ku ohun kan. Lọ́jọ́ tí a kọ́ nípa ẹ̀tọ́ oníbàárà, ìyá olómi inú ọ̀rá yọ rìsíìtì tí ilé ẹ̀kọ́ náà fún un jáde nínú báàgì, ó na án sí agbẹjọ́rò, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Sà, ẹ bá mi ka ti ìsàlẹ̀ yẹn.” Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé owó tí a bá ti san kì í padà mọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú ni ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wa pé abala 120 nínú òfin FCCPC yẹn fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti fagi lé iṣẹ́ tó ti sanwó rẹ̀ sílẹ̀, kí olùpèsè sì yọ ìwọ̀nba owó tó bá tọ́ nínú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kì í ṣe òun ló tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan lára àwa méjìdínlógún tí wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Ìlọrin ní ọ̀sẹ̀ kẹrin padà lọ bá wọn pẹ̀lú abala 120 lọ́wọ́, lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́kọ́ lé e, wọ́n sì dá ìdajì owó rẹ̀ padà fún un. Nígbà tí mo lọ gba ìwé ẹ̀rí mi ní oṣù tó kọjá, mo bá akọ̀wé wọn tó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Rìsíìtì àtijọ́ kò tíì tán. Báírò ló fi ń fa ìlà kọjá lórí gbólóhùn náà, lọ́kọ̀ọ̀kan, kó tó já a fún wọn.